Ẹ̀rín Ló Tú Àṣírí: Àwàdà, Ogun Hitler àti Ìbí Kọ̀ǹpútà

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní ogun Hitler, wọ́n ní kí ọmọ ogun Ítálì kan fi iṣẹ́ ìdánwò ránṣẹ́ lórí Enigma, ẹ̀rọ tó ń sọ ọ̀rọ̀ di àdììtú. Iṣẹ́ náà kò nílò ìtumọ̀ kankan. Wọ́n kàn fẹ́ fi da ọ̀tá tó bá ń gbọ́ lọ́kàn rú ni. Ọmọkùnrin yìí kò da ara rẹ̀ láàmú. Ó gbé ìka lé lẹ́tà L tó wà ní ìpẹ̀kun, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ láìdúró títí iṣẹ́ fi parí. Ẹ̀rọ ń sọ L kọ̀ọ̀kan di lẹ́tà mìíràn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣe é kó máa ṣe. Ṣùgbọ́n àléébù kan wà lára Enigma: kò lè sọ lẹ́tà kan di ara rẹ̀ láéláé. Ní Bletchley Park, ibi tí wọ́n ti ń tú àṣírí ọ̀rọ̀ ọ̀tá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Mavis Lever, tí kò ju bí ẹni ogún ọdún lọ, tẹjú mọ́ ìwé náà, ó sì rí i pé gbogbo lẹ́tà ló pé síbẹ̀ àfi L. Kíá ló mọ̀ pé ẹnì kan ti ń fi iṣẹ́ ọba ṣeré, ibẹ̀ ló sì gbà wọ inú ẹ̀rọ náà. Àwọn òǹkọ̀wé máa ń bu irú ìtàn báyìí sínú ìtàn ogun bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀, kí ọ̀rọ̀ má baà tẹ́ lẹ́nu. Lójú tèmi, ẹran inú ọbẹ̀ gan-an ni. Eré, ọ̀lẹ àti àwàdà tí ènìyàn ń ṣe lójoojúmọ́ wà lára ohun tó tú àṣírí ogun náà, wọ́n sì wà lára ohun tó bí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó kà wọ́n sí ohun yẹpẹrẹ ni wọ́n ṣe ní jàǹbá. Ẹni tó mọ̀ wọ́n dáadáa ni wọ́n ṣe lóore.

Ọmọ Yorùbá tó bá fẹ́ mọ irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní Bletchley Park, kó rántí ẹnà. Àwọn ọmọdé méjì á máa sọ̀rọ̀ níwájú àgbà, wọ́n á sì ki ìró kan bọ inú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, débi pé “mo fẹ́ lọ” á di “mogo fẹ́gẹ́ lọgọ”. Ẹni tí kò mọ òfin rẹ̀ á rò pé ẹyẹ ló ń ké. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ti ń dáhùn. Ẹnà ni Enigma, àmọ́ ẹnà tí òfin rẹ̀ ń yí padà nígbàkigbà tí ìka bá tẹ lẹ́tà kan. Àgbá mẹ́ta tí wọ́n mú nínú márùn-ún ló ń yí nínú ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ Jámánì ń lò, wáyà mẹ́wàá sì ń pa lẹ́tà pọ̀ ní méjì-méjì níwájú rẹ̀. Tí ènìyàn bá fẹ́ ka gbogbo ọ̀nà tí wọ́n lè gbà tò ó, kó mú mílíọ̀nù 158, kó sọ ọ́ di ìlọ́po mílíọ̀nù kan, kó sì tún sọ ohun tó rí di ìlọ́po mílíọ̀nù kan. Ní ọ̀gànjọ́ òru, wọ́n á tún ẹ̀rọ tò lákọ̀tun. Àwọn ọ̀gá ológun Jámánì wo iye yìí, ọkàn wọn sì balẹ̀. Wọ́n ka ọ̀nà inú ẹ̀rọ, wọn kò ka ìwà ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀.

Ìwà yẹn sì rọrùn láti mọ̀. Òfin wọn ni pé kí ọmọ ogun tó fẹ́ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ mú lẹ́tà mẹ́ta láti inú orí ara rẹ̀, lẹ́tà tí kò bá ara wọn tan rárá. Ẹ sọ fún ẹni tó ti ń tẹ ẹ̀rọ láti àárọ̀, tí ebi ń pa, tí òtútù ń mú, pé kó mú lẹ́tà mẹ́ta tí kò nítumọ̀, kó sì tún mú mẹ́ta mìíràn ní wákàtí tó ń bọ̀. Orúkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ló máa sọ sí i lọ́kàn. Bí kò bá jẹ́ ìyẹn, á mú èébú, tàbí kó tẹ lẹ́tà mẹ́ta tó tẹ̀lé ara wọn lójú bọ́tìnnì. Àwọn mìíràn á mú HIT lákọ̀ọ́kọ́, tí wọ́n á sì fi LER tẹ̀lé e, tàbí BER kí wọ́n tó kan LIN, bí ẹni ń pa àlọ́ fún ara rẹ̀. Àwọn ará Bletchley sọ irú àṣìṣe yìí lórúkọ, wọ́n pè é ní “cillies”, orúkọ tó jọ ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ìwà ọ̀dẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù Kejì ọdún 1940, John Herivel, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, fi ara rẹ̀ sípò ọmọ ogun Jámánì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, tó ti rẹ̀. Ó ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ á to àgbá ẹ̀rọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe pàṣẹ, àmọ́ kò ní í rántí yí wọn dànù kó tó fi iṣẹ́ àkọ́kọ́ ránṣẹ́, nítorí náà lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà á sún mọ́ àṣírí ọjọ́ yẹn. Ọgbọ́n yìí kò so èso lójú ẹsẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún, nígbà tí ogun wọ ilẹ̀ Faransé tí iṣẹ́ sì pá àwọn ọmọ ogun náà lórí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í so. Herivel mọ ìṣirò púpọ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ọ̀lẹ ló lò lálẹ́ ọjọ́ náà.

Kí ló dé tí àwọn kan fi lè ro èrò ọ̀lẹ dé orí àṣeyọrí, tí àwọn mìíràn kò sì lè rò ó? Mo rò pé irú ẹni tí wọ́n kó jọ sí Bletchley ló dáhùn ìbéèrè yìí. Ní ọdún 1938, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kọ́kọ́ lọ yẹ ilé náà wò, wọ́n díbọ́n pé ẹgbẹ́ ọdẹ ni àwọn, pé àwọn wá yìnbọn fẹ́ ẹran ìgbẹ́ ni. Lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ iléeṣẹ́ wọn ni G, C, C àti S. Kò pẹ́ tí àwọn aláwàdà fi sọ ọ́ di ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù, wàràkàṣì àti ṣẹ́ẹ̀sì. Frank Birch, tó jẹ́ olórí ẹ̀ka ọ̀rọ̀ ojú omi níbẹ̀, ti wọ aṣọ obìnrin rí lórí ìtàgé ní Lọ́ńdọ̀nù láti ṣe ìyá Aladdin nínú eré apanilẹ́rìn-ín. Dilly Knox, ọ̀gá Mavis Lever, fẹ́ràn láti máa bi àwọn tó ń wá síṣẹ́ pé apá ibo ni ọwọ́ aago ń yí sí. Bí wọ́n bá dáhùn bí gbogbo ayé ṣe ń dáhùn, á ní bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ̀rọ̀ rí fún ẹni tó wà nínú aago. Alan Turing, onímọ̀ ìṣirò, fi ṣéènì de kọ́ọ̀pù tíì rẹ̀ mọ́ra irin ilé kí wọ́n má baà jí i, ó sì máa ń wọ ìbòjú èéfín olóró gun kẹ̀kẹ́ nígbà tí ìtànná bá ń jẹ́ kó máa sín. Ní oṣù Kìíní ọdún 1942, ìwé ìròyìn Daily Telegraph ṣe ìdíje eré ọ̀rọ̀ dábùú, pé ta ló lè parí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú méjìlá. Lẹ́yìn náà ni ìjọba kọ lẹ́tà sí díẹ̀ nínú àwọn tó ṣe dáadáa, pé iṣẹ́ kan wà fún wọn.

Ẹ má jẹ́ ká ka eléyìí sí ìwà àwọn tí orí wọn kò pé. Ẹni tó ń ṣe eré ọ̀rọ̀ dábùú ń wá ìtumọ̀ tí wọ́n fi pamọ́ sẹ́yìn ìtumọ̀ mìíràn. Ẹni tó ń dá àpárá mọ ibi tí olùgbọ́ ń retí kí ọ̀rọ̀ gbà, kó tó gba ibòmíràn. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lórí Enigma náà nìyẹn. Wọ́n á ro ohun tí ọ̀tá ṣeé ṣe kó sọ, bóyá ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tó ń wá láàárọ̀ láìyẹ̀, tàbí oyè ọ̀gá kan ní kíkún. Wọ́n á gbé e sábẹ́ àwọn lẹ́tà ìkọ̀kọ̀, wọ́n á sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá lẹ́tà kan bá ara rẹ̀ pàdé; bó bá bá ara rẹ̀ pàdé, wọ́n á sún un síwájú. Láti orí irú ìméfò bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ńlá tí Turing ṣe, tí Gordon Welchman tún ṣe dára sí i ní 1940, ti máa ń yẹ ìtò kan sí òmíràn wò, tí yóò sì ju èyí tí kò ṣeé ṣe nù. Àwọn obìnrin ọmọ ogun ojú omi ló ń tọ́jú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí tọ̀sán-tòru, nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn òṣìṣẹ́ Bletchley sì jẹ́ obìnrin. Eré ló ń fún ẹ̀rọ ní oúnjẹ. Bí ìméfò kò bá sí, òfìfo ni ẹ̀rọ á máa lọ̀.

Ẹ̀rí tó lágbára jù ni ti ẹ̀rọ Jámánì kejì, Lorenz, tí àwọn ọ̀gá àgbà ológun fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àgbá méjìlá ló ní, kò sì sí ẹni tó rí i rí ní Bletchley. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ ọdún 1941, ọmọ ogun kan fi iṣẹ́ tó gùn tó nǹkan bí lẹ́tà 4,000 ránṣẹ́ láti Athens sí Vienna. Ẹni tó gbà á ní kó tún un fi ránṣẹ́, nítorí kò yé òun. Òfin ni pé kó yí ẹ̀rọ padà kó tó tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ. Kò yí i. Bó sì ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó ti sú u, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé ọ̀rọ̀ kúrú. Kódà nínú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, tó túmọ̀ sí “nọ́ńbà iṣẹ́”, ó dín lẹ́tà kù. Ká ní ó tún un tẹ̀ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ì bá rí kọ́ níbẹ̀. Ọ̀lẹ yẹn ló sọ iṣẹ́ méjì náà di ìbejì tí wọ́n jọra tí wọn kò sì jọra. John Tiltman tú wọn sílẹ̀, ó sì ti ipa bẹ́ẹ̀ rí ìró tí ẹ̀rọ fi bo ọ̀rọ̀. Láti ara ìró yẹn nìkan ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Bill Tutte, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ bí gbogbo inú ẹ̀rọ náà ṣe rí, iye àgbá rẹ̀ àti iye eyín tó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìfojú kàn án.

Ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe láti bá Lorenz jà, tó dé ní 1943, kún fún òpó, àgbá àti okùn ìwé gígùn méjì tó ń sáré yí po, tó sì ń já lẹ́nu eré. Àwọn tó ń lò ó sọ ọ́ ní Heath Robinson, orúkọ ayàwòrán ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó gbajúmọ̀ fún àwòrán ẹ̀rọ ẹlẹ́yà, irú èyí tí wọ́n fi okùn, àkàsọ̀ àti irin ogún ṣe láti fi ṣe iṣẹ́ tí ọwọ́ kan ṣoṣo lè ṣe. Ọ̀rọ̀ inú àwàdà náà jẹ́ òtítọ́: ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó ń ṣe ọ̀pọ̀ ohun tí kò yẹ kó máa ṣe. Tommy Flowers, ẹnjiníà iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ tó mọ̀ nípa tẹlifóònù, ló wá bá wọn wo irin náà. Ó ní kí wọ́n yọ okùn ìwé kan kúrò, kí iná máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nínú gílóòbù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nì. Wọ́n ní gílóòbù púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ á máa jó ṣáá. Ó dáhùn pé bí a kò bá ń pa á tàn, kì í jó, nítorí ó ti rí i nínú iṣẹ́ tẹlifóònù. Colossus rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Bletchley ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1944 pẹ̀lú gílóòbù bí 1,600, ó ń ka lẹ́tà 5,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èkejì, tí gílóòbù rẹ̀ tó 2,400, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà, ọjọ́ márùn-ún kí àwọn ọmọ ogun tó gúnlẹ̀ sí Normandy. Nígbà tí ogun fi parí, mẹ́wàá ló wà. Iṣẹ́ kan ni wọ́n ṣe Colossus fún, kò sì lè ṣe gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà òde òní ń ṣe; síbẹ̀ òun ni ẹ̀rọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nì ńlá àkọ́kọ́ tí ènìyàn lè yí ètò rẹ̀ padà. Ẹni tó bá fẹ́ wá ìdí ìran rẹ̀ á bá ọmọ ogun tí iṣẹ́ sú ní Athens níbẹ̀.

Àwọn kan á ní mo ti bu ọlá fún àwàdà jù, pé ìṣirò ló ṣẹ́gun. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú èyí. Ní òpin ọdún 1932, kí ẹnikẹ́ni tó dé Bletchley, ará Pólándì kan, Marian Rejewski, ti fi ìṣirò mọ bí wọ́n ṣe so wáyà inú Enigma. Òun, Jerzy Różycki àti Henryk Zygalski ń ka iṣẹ́ Jámánì fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì kó gbogbo ọgbọ́n náà lé Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé lọ́wọ́ ní oṣù Keje ọdún 1939. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ìṣirò náà gbà wọlé: òfin Jámánì ní kí ọmọ ogun tẹ lẹ́tà mẹ́ta rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì léraléra, nítorí ìbẹ̀rù àṣìṣe ọwọ́, àwọn lẹ́tà tí ọmọ ogun sì máa ń mú ṣáá wà lára ohun tó ran Rejewski lọ́wọ́. Ìṣirò lè dín òkè kù. Ó nílò ẹni tó máa fi ibi tí òkè ti là hàn án. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, mi ò sì sọ pé ẹ̀rín nìkan ló wọ ọjà yìí. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó bá ti ojú ọ̀nà yẹn pa, á kàn máa ka 158 rẹpẹtẹ ni.

Àtakò kejì le ju ìyẹn lọ. Wọ́n ní àwọn àgbà tó ṣiṣẹ́ ní Bletchley kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Ìgbà tí ìwé tí F. W. Winterbotham kọ lórí iṣẹ́ náà jáde ní 1974 ni ọ̀rọ̀ gba ìgboro. Ní gbogbo ọdún yẹn, wọ́n tú púpọ̀ nínú àwọn Colossus palẹ̀, Flowers sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ jó àwòrán wọn níná. Ṣé kì í ṣe pé ìrántí àgbà ló fi oyin lá ọ̀rọ̀, tí ìtàn kọ́ọ̀pù àti kẹ̀kẹ́ fi bo àárẹ̀ àti ìbẹ̀rù mọ́lẹ̀? Ìdí nìyí tí mi ò fi gbé ẹ̀rí mi lé kọ́ọ̀pù Turing. Ẹ wo orúkọ. “Cillies” àti Heath Robinson jẹ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ń lò lójú ogun gan-an, wọn kì í ṣe orúkọ tí àgbà fún nǹkan lójú àlá. Ẹ wo iṣẹ́ méjì ti oṣù Kẹjọ 1941, tó jẹ́ pé lára àkọsílẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti rí ẹ̀rọ. Ìrántí lè ṣàfikún. Kò lè fi lẹ́tà L tí kò sí sínú ìwé.

Àtakò kẹta ni pé ogun kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣàn. Ní ìparí oṣù Kẹta 1941, iṣẹ́ ọ̀gágun ojú omi Ítálì tí Lever àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tú ló mú kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lọ dènà ní Matapan. Ọkọ̀ ogun Ítálì márùn-ún rì, àwọn atukọ̀ tó ju 2,000 sì bá wọn lọ. Ẹni tó bá rántí èyí kò ní í máa rẹ́rìn-ín àríntàkìtì. Síbẹ̀, Yorùbá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Ẹ̀rín tí wọ́n ń rín ní Bletchley kì í fojú tẹ́ńbẹ́lú ikú. Ó ń jẹ́ kí ọpọlọ tó ti ń ṣiṣẹ́ láti òru lè tún wo ìwé kan náà pẹ̀lú ojú tuntun. Bí a bá sì ń sunkún, a máa ń ríran.

Lẹ́yìn ogun, àwàdà tẹ̀lé kọ̀ǹpútà wọ ilé. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1947, àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ kan tí wọ́n ṣe ní Harvard fún ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà rí kòkòrò kan tó há sínú rẹ̀. Àwọn ẹnjiníà ti ń pe àṣìṣe ẹ̀rọ ní kòkòrò láti nǹkan bí àádọ́rin ọdún ṣáájú, nítorí náà wọ́n lẹ òkú rẹ̀ mọ́ ìwé, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kòkòrò gidi àkọ́kọ́ tí àwọn rí nìyẹn. Èyí tó wù mí jù ṣẹlẹ̀ ní Manchester, níbi tí Turing ti ń ṣiṣẹ́. Turing ti ní kí wọ́n fi ohun kan sínú kọ̀ǹpútà ibẹ̀ tí yóò máa mú nọ́ńbà láìnídìí, bí ẹni ń ta tẹ́tẹ́. Ní 1952, Christopher Strachey lo nǹkan náà láti jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ṣa ọ̀rọ̀ dídùn jọ, kó sì máa kọ lẹ́tà ìfẹ́ aláwàdà, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn. Oliver, bàbá rẹ̀, ti tú àṣírí ọ̀tá ní Bletchley.

Ẹ fi lẹ́tà ìfẹ́ yìí wé ọmọ ogun Jámánì. Wọ́n ní kí ọmọ ogun mú lẹ́tà láìnídìí, ó mú orúkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ó sì fi tú àṣírí ọba. Ẹ̀rọ tí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ bá wọn bí ló wá ń mú ọ̀rọ̀ láìnídìí ní tòótọ́, tó sì fi ń kọ̀wé sí àfẹ́sọ́nà tí kò ní. Ohun tí ènìyàn kò lè ṣe ni ẹ̀rọ ń ṣe láìsí wàhálà, ohun tí ènìyàn ń ṣe láìmọ̀ ni ẹ̀rọ kò sì mọ̀ rárá. Àwọn ọ̀gá Jámánì rò pé ẹ̀rọ ti borí ìwà ọmọ ènìyàn. Lónìí, bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ní ká mú ọ̀rọ̀ ìwọlé tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀, ọ̀pọ̀ á tẹ 123456, ọ̀pọ̀ á sì tẹ orúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́ràn. Ọmọ ogun tó fọwọ́ lé L kò tíì kúrò nídìí ẹ̀rọ.